Bàtà Ẹsẹ̀ Òsì

Láti ọdún méjì sẹ́yìn, ọdọọdún ni àwọn àlejò ń wá láti orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ wa. Wọ́n á bọ gómìnà lọ́wọ́, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gba bàtà kan lọ́wọ́ bàbá mi, aránbàtà. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni bàbá ń fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, kó má baà wọ̀ ọ́ lọ láìpadà wá rajà.

Lánàá, akọ̀wé gómìnà tún rẹ́rìn-ín wọlé.

“Bàbá, wọ́n ti gbé ẹsẹ̀ òsì méjèèjì tí ẹ fún wọn sínú àpótí gíláàsì ní ilé àṣà wọn. Wọ́n fẹ́ ẹ̀kẹta.”

Bàbá ò gbójú sókè.

“Ọjà ni mo fẹ́ tà, ẹ sọ ọ́ di àgbàdo inú ìgò. Ọ̀gá, nínú gbogbo wọn, kò sẹ́ni tó béèrè ẹsẹ̀ ọ̀tún?”