Sister Bọ́sẹ̀ mu mínírà tí mo fi ń dóòlà ẹ̀mí mi

Sister Bọ́sẹ̀ tá a jọ ń gbé yàrá kan ní àdúgbò Ekosodin fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lónìí. Mo ti gbẹ̀san o!

Ẹ mọ̀ pé mo ní àtọ̀gbẹ. Tí ṣúgà ara mi bá ṣàdédé lọ sílẹ̀, nǹkan dídùn ló ń gbà mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tọ́jú mínírà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́sàn-án yìí, ara mi ń gbọ̀n. Mo na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìgò òfìfo!

Mo pe nọ́ọ̀sì tó ń fi fóònù tọ́jú àwa ọ̀dọ́ tó ní àtọ̀gbẹ.

"Anything sweet wey dey that room, drink am now now!"

Mọ́ọ̀tì méjì tí Sister Bọ́sẹ̀ rà de àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ni mo rí. Mo mu ọ̀kan, ojú mi là. Mo da ìkejì sí gọ́tà.

Nígbà tó dé, mo béèrè mínírà mi.

"Èmi ni mo mu ún. Ṣúgà ò dáa fún ẹ, mò ń gbà ẹ́ lọ́wọ́ ikú ni." Ló bá rí ìgò. "Mọ́ọ̀tì mi dà?"

"Aṣọ ìgbéyàwó yín ti ń fún yín, ma. Mò ń gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú ni."

Ó ti ń sunkún. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n ra òmíràn fún un, àbí kí n ṣì máa gbà á là?