Àmì Karùn-ún Lórí Pépà

Ọdún tí wọ́n kó ẹ̀ka wa láti Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì. Inú mi dùn, nítorí Mọdákẹ́kẹ́ ni ilé wa, mo sì lè máa ti ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi lọ síbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ tí olùkọ́ mi yàn fún mi kò jọ èyí tó le. Ó ní kí n yọ ohun kan tí wọ́n ń pè ní tRNA jáde nínú íísì, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Ohun tíńtín ni, inú sẹ́ẹ̀lì ló ń gbé. Òun ló ń ru èròjà lọ síbi tí wọ́n ti ń to purotéènì pọ̀. Kí n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí n kán an sórí pépà, kí omi kẹ́míkà fà á lọ, kí n wá wò ó lábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò. Ìwé tí mo kà sọ pé èròjà mẹ́rin, tí wọ́n ń fi lẹ́tà A, C, G àti U pè, ni wọ́n fi hun ún. Àmì dúdú mẹ́rin ni mo ń retí, ọ̀kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Márùn-ún ni mo rí.

Ìkarùn-ún ò dúdú tó àwọn yòókù. Mo ní bóyá òógùn ọwọ́ mi ni. Mo fọ gbogbo ìgò, mo wọ ìbọ̀wọ́, mo tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún yọjú. Olùkọ́ mi sì ti rìnrìn àjò, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nílé, mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi wò mí títí.

"Ṣé wọ́n lé ọ ni?"

"Rárá, Ìyá. Iṣẹ́ mi ló bàjẹ́."

"Ẹni tó gbé e fún ọ ńkọ́, kí ló wí?"

"Kò tíì dé."

"Jẹun ná, jàre."

Ọjọ́ tí olùkọ́ mi dé, mo tẹ́ pépà náà síwájú rẹ̀. Ó tan iná, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín ni mo gbọ́.

"Ta ló ní mẹ́rin péré ni?"

Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó ya tRNA náà sójú pátákó, okùn kan tó ká lu ara rẹ̀ bí ewé: orí àti ìdí rẹ̀ pàdé níbì kan, ojóbó mẹ́ta sì yọ lára rẹ̀. Ó ní ojóbó àárín ló ń ka àṣẹ, ìdí okùn ló ń gbé ẹrù.

"Bí sẹ́ẹ̀lì bá hun ún tán," ó ní, "á tún padà wá tún àwọn lẹ́tà kan ṣe. Èyí tí o rí yìí, U ni tẹ́lẹ̀. Ṣúgà tó dì mú náà ló ṣì dì mú, àmọ́ ó ti yí ara padà, ibòmíràn lára rẹ̀ ló fi dì í mú."

"Ṣé mi ò bà á jẹ́ nìyẹn, sà?"

"O ba kí ni jẹ́? Ká ní mẹ́rin lo gbé wá ni, ǹ bá bi ọ́ pé níbo lo gbé ìkarùn-ún sí."

Mo wá àpótí kan jókòó. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló ń bọ́ lójú mi. Ó ṣe bí ẹni tí kò rí mi, ó ń nu pátákó.

Bí mo ṣe ń gba ojúde Ẹnuwà, níwájú ààfin, lọ sílé, gbogbo ẹni tí mo bá pàdé ni mo ń kí, àti ẹni tí mo mọ̀ àti ẹni tí n kò mọ̀. Lóru ọjọ́ náà mo sùn fọnfọn. Ohùn bàbá mi tó ń pè wá fún ìrun àsùbá ló jí mi.