Ọkọ̀ Ojú Omi Bàbá Ìmọ́lẹ̀

Gbogbo ilé wa ní Sabon Gari ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí ọkọ̀ ojú omi Bàbá Ìmọ́lẹ̀, olóògbé ọkọ mi, mu omi gbogbo ayálégbé tán. Inú ọkọ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta lẹ́yìn. Bí wọ́n bá fẹ́ tan án lórí ilẹ̀, àfi kí wọ́n máa fi rọ́bà fa omi sí i, kó má baà gbóná jù. Bó ṣe ń mu ún ló ń tú u dànù. Kí Ràhmátù, ayálégbé wa tó ń ta wàínà ìrẹsì, tó jáde síta, gbogbo kẹ́ẹ̀gì tí mai ruwa, ẹni tó ń ta omi, ṣẹ̀ṣẹ̀ já fún un ti gbẹ.

"Haba, Baba! Ràkúnmí gan-an kì í mu tó báyìí!"

"Ràkúnmí mọ̀ ọ́n rìn. Ṣó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́?"

Ọmọ atukọ̀ ará Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá, ṣùgbọ́n páàtì mọ́tò ni wọ́n ń tà lọ́jà níbí. Kánò ni wọ́n bí èmi sí, mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni wọ́n ti ṣèlérí pé àwọn á gbé mi gun omi. Ìdí tí wọ́n fi ra àlòkù ọkọ̀ yẹn nìyẹn.

Adétúnjí mẹkáníìkì bẹ̀ wọ́n títí. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká yọ ẹ́ńjìnnì inú yìí, ká ra èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìyẹn, inú dúróòmù omi kan lẹ lè ti tan án wò."

"Adétúnjí, bí wọ́n bá yọ ọkàn rẹ, tí wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn rẹ bí ọmọ jòjòló, ṣé wàá lè rìn dé Zoo Road?"

Adétúnjí kó sípánà rẹ̀, ó lọ.

A gbé ọkọ̀ lọ sí adágún Tiga. Àṣé ọyẹ́ Kánò ti mú kí rọ́bà tó yí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ká, tó ń dí omi, sán. Àwa ò tíì jókòó tán tí omi fi wọlé. Àwọn apẹja ń pariwo: "Baba, ruwa! Ruwa!"

"Mo rí i," ni Bàbá wí, omi ti dé orúnkún wọn. "Ó wá kí wa káàbọ̀ ni."

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, orúnkún mi ń dùn mí, èémí tiwọn náà sì ń kúrú. Síbẹ̀, rọ́bà tuntun ni wọ́n ń wá kiri. Ni mo bá bi wọ́n: "Bàbá Ìmọ́lẹ̀, èmi lẹ fẹ́ gbé gun omi, àbí ẹ́ńjìnnì?"

Wọ́n jẹun tán, wọ́n lọ fọwọ́ pa ẹ́ńjìnnì náà lórí, wọ́n ní kí n bá àwọn pe Adétúnjí.

"Ẹ ti wá gbà, Bàbá?"

"Máa tú u. Má sọ̀rọ̀ lójú rẹ̀."

Ibi tí ẹ́ńjìnnì wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kan pákó sí, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù lé e, kí n lè na ẹsẹ̀ mi. Ní ìgbà òjò tó ṣíwájú ikú wọn, a padà sí Tiga. Ẹ́ńjìnnì tuntun tí Adétúnjí gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ tan lẹ́ẹ̀kan náà, a dé àárín omi. Mo di pákó mú, mo ń kígbe, mo ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, Bàbá pa ẹ́ńjìnnì.

"Ṣó ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá o, Àṣàbí. Ariwo rẹ̀ ò jẹ́ kí n gbọ́ ẹ̀rín rẹ."

Omi ń rọra gbé wa lọ. Oòrùn rọ̀, wọn ò tan án, èmi náà ò sì ní kí wọ́n tan án.