Hóró Ọkà Báálì Kan Ṣoṣo

Ní àdúgbò àwọn tó ń rán abọ́ ewé ní Káṣì, ìlú mímọ́ etí odò Gángà, orúkọ kan wà tí Kewla kò fẹ́ gbọ́: Abọ̀-láàárín-ọ̀nà. Ramdei, ìyáálé rẹ̀, aya ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ló kọ́kọ́ fi pè é, gbogbo agboolé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Kewla ti jáde láti fẹsẹ̀ rin yípo ìlú fún ọjọ́ márùn-ún, kí ó lè kí ojúbọ méjìdínláàádọ́fà tó wà lójú ọ̀nà náà. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló yà padà. Lákọ̀ọ́kọ́, òjò ni. Lẹ́ẹ̀kejì, orúnkún tó ti fi gbá àtẹ̀gùn etí odò rí ló wú bí àgbọn, wọ́n sì fi kẹ̀kẹ́ gbé e wálé bí ẹrù.

Bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ́ ni. Nígbà tí àìsàn dá Jokhan ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, tí èémí rẹ̀ ń dún bí ewìrì, Kewla sọ fún Bàbá, òrìṣà Ṣífà tó ni Káṣì, pé bí ọkùnrin náà bá dìde, òun á rin ìrìn náà. Jokhan dìde. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, àìsàn kan náà padà wá mú un lọ.

Inú oṣù àlékún, oṣù kẹtàlá tí wọ́n ń fi kún ọdún, tí kì í sì í dé lọ́dọọdún, ni ìrìn yìí ti ní ọ̀wọ̀ jù lọ. Nígbà tí oṣù náà dé lọ́tẹ̀ yìí, tí Kewla ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tó tún ń múra, Ramdei wò ó títí.

"Ìyàwó, Bàbá ti gba ohun tó fún ẹ padà. Ọpẹ́ kí lo tún fẹ́ lọ dú?"

"Ìyáálé mi, ọdún mẹ́fà yẹn ńkọ́?"

 Ramdei ní ó kéré tán kí ó wọkọ̀ bí àwọn ọlọ́gbọ́n, tí wọ́n ń fi ọjọ́ kan parí ẹ̀. Kewla ní ọkọ̀ kọ́ ló jẹ́ ẹ̀jẹ́.

Kò mọ̀wé. Nítorí náà, ó ka hóró ọkà báálì méjìdínláàádọ́fà sí etí sárì rẹ̀, aṣọ gígùn tó wé mọ́ra, ó ta á ní kókó: bó bá kí ojúbọ kan, á ju hóró kan síbẹ̀. Ó wẹ̀ nínú Gángà ní ìdájí, ó sọ ohun tó ń bá lọ níwájú àlùfáà, ó bọ́ sọ́nà láìwọ bàtà, òun àti ẹ̀wà yíyan tó lọ̀ kúnná pẹ̀lú iyọ̀ àti ata. Òfin ọ̀nà náà kò ju méjì lọ: ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni àwọn ojúbọ gbọ́dọ̀ wà, o kò sì gbọdọ̀ padà sẹ́yìn.

Ọ̀dà títì jó o lẹ́sẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, orúnkún bẹ̀rẹ̀ ìwà rẹ̀. Ó fi aṣọ dì í, ó bá a wí pẹ̀lẹ́ pé bó bá fẹ́ sinmi, ilé náà ni àwọn ń yípo lọ. Ó kọjá ibi tí òjò ti dá a padà. Ó kọjá ibi tí wọ́n ti gbé e sínú kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó rin etí odò wọ̀lú.

Ó ku Ẹlẹ́rìí nìkan. Òrìṣà Gáneṣ tó ní orí erin ni, iwájú rẹ̀ sì ni ẹni tó bá rìn yípo ti ń lọ búra pé òun rìn ín, torí láìsí ẹ̀rí rẹ̀, ìrìn kò tíì pé. Ramdei àti àwọn ará àdúgbò ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó. Kewla tú etí sárì rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti ṣófo.

Hóró kan jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Jù ú sẹ́nu, kí o gbé e mì," Ramdei sọ sí i létí. "Ta ló bá ẹ kà á?"

 Láti ìgbà ọmọdé ni ìbéèrè kan ti wà nínú Kewla tí kò jẹ́ sọ síta: bí Bàbá bá ń rí ohun gbogbo, kí ló ń fi ẹlẹ́rìí ṣe? Bí kò bá sì rí i, ta ni àwọn ń rìn fún? Ó wá rántí. Lọ́jọ́ kẹta, ó ń bá Ramdei jà nínú ọkàn rẹ̀ nítorí orúkọ burúkú yẹn, ó ń lọ èsì tó máa fún un bí ẹni ń lọ ata. Ojúbọ kékeré kan wà lábẹ́ igi dóńgóyárò níbẹ̀. Ó kọjá rẹ̀.

"Ìyáálé mi, mo fo ọ̀kan. Bàbá lè má rí i. Ẹlẹ́rìí lè má rí i. Èmi rí i."

A kì í sì í padà sẹ́yìn lójú ọ̀nà náà. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìdí igi yẹn, àfi kó tún ti inú odò bẹ̀rẹ̀, kó rìn ín yípo látòkèdélẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Kewla sùn lóru méjì, ó ta hóró náà padà sí kókó, ó jáde.

Kò tíì kúrò nígboro tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ramdei ni, ó gbé àpò kọ́rùn, kò wọ bàtà.

"Mi ò tẹ̀lé ẹ o. Ẹnì kan ṣáà gbọ́dọ̀ wà tó máa pe kẹ̀kẹ́."

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ẹsẹ̀ Ramdei ló bó, Kewla ló sì ń bá a dì í. Wọ́n dé ìdí dóńgóyárò. Òkúta kan tí wọ́n fi nǹkan pupa kùn ni, kò tó ìkòkò ọbẹ̀. Kewla tẹríba, ó ju hóró náà síbẹ̀.

"Nítorí eléyìí?" ni Ramdei wí.

"Ẹ̀yin ni mò ń bá jà lọ́kàn nígbà tí mo kọjá rẹ̀."

Ramdei rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé iwájú Ẹlẹ́rìí, àdúgbò ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Kewla tú etí sárì rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n. Òfìfo ni. Ó wo ojú òrìṣà òkúta náà. Òkúta kò fọhùn, ìbéèrè rẹ̀ sì wà níbi tó wà. Ramdei ló sún mọ́wájú, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

"Kewla, ìyàwó Jokhan, rìn ín," ó sọ fún òrìṣà náà. "Ẹ̀ẹ̀mejì. Mo wà níbẹ̀."

Gbogbo èrò kígbe orúkọ Bàbá tí ògiri fi ń dún. Kewla ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀jẹ́ ti pé, èèwọ̀ ti kúrò lára ọkọ̀. Wọ́n pe kẹ̀kẹ́ fún àwọn méjèèjì, wọ́n fi òdòdó bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Kewla kò jókòó bí ẹrù.