Ìlẹ̀kẹ̀ Ìdí Málọmọ́

Títí dòní, àwọn kan ní Adja-Ouèrè ṣì ń sọ pé Félicité ló pa Málọmọ́. Irọ́ gbuu ni! Èmi Jeanne wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí.

Aránṣọ ni Félicité, òmìnira ilẹ̀ wa ò tíì pé ọdún mẹ́jọ nígbà náà. Òun fúnra rẹ̀ sanra ní kékeré, Àgbá Epo ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn ló jẹ́ kó máa kó àwa ọmọ tó sanra jọ sábẹ́ igi máńgòrò rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nítorí a kì í lọ sílé-ìwé lọ́jọ́ náà.

A ó kọ́kọ́ rìn jìnnà lọ́nà Tatonnonkon, a ó padà. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù á wọ aṣọ rẹ̀ àtijọ́, á dìde, á sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Èmi sọ pé mo ti ń pọnmi láìsinmi lójú ọ̀nà. Bí aṣọ bá ti tóbi jù, Félicité á rán an kó fún mọ́ni lára, á ní, "O káre, ọmọ mi!" Kò sẹ́ni tó ń fi ẹnì kejì ṣẹ̀sín. Àbí ta ni yóò fi ta ni ṣẹ̀sín?

Málọmọ́ ló sanra jù nínú wa. Ẹfúnwùmí, ìyá rẹ̀, ti sin ọmọ mẹ́ta kó tó bí i. Ó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn nídìí kó má baà padà lọ, ó sì ń fi oúnjẹ bẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bó bá rìn díẹ̀, á máa mí gúlegúle. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù karùn-ún tó ti ń bá wa rìn, ó dìde lábẹ́ igi, ó ní, "Mo sáré láti oko délé, mi ò dúró!" A pàtẹ́wọ́ títí.

Lọ́jọ́ kan tó ń sáré báyìí, ìlẹ̀kẹ̀ yẹn yọ̀ bọ́ sílẹ̀ lójú ìyá rẹ̀. Yéè! Ẹfúnwùmí he é, ó di ọ̀dọ̀ Félicité.

"Ohun tó dì í mú láyé ló bọ́ yìí o!"

Félicité, ọmọ ìjọ Páàdì tí kò gba àbíkú gbọ́, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Málọmọ́, ara ọmọ ló fúyẹ́. Ẹ sọ ọ́ nù jàre."

Ẹ̀rín yẹn dùn mí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Málọmọ́ ò wá mọ́. Ìyá rẹ̀ sé e mọ́lé, ó ń bọ́ ọ kó tún lè sanra, kí ìlẹ̀kẹ̀ lè dúró nídìí rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ sì dúró. Félicité lọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọn ò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, èémí ọmọ náà ò délẹ̀ mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti kú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré! Àwọn kan ní Félicité tó jẹ́ kí ìlẹ̀kẹ̀ bọ́ ló pa á.

Ní Ọjọ́bọ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, Ẹfúnwùmí wá jókòó sórí àpótí tí Málọmọ́ máa ń jókòó lé lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó kàn án láti sọ̀rọ̀, ó dìde, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́.

"Ọmọ mi ní ara òun fúyẹ́. Ó ní òun lè sáré láti oko délé. Mo rò pé ibi tó ti wá ló ń sáré padà sí." Ó kọjú sí Félicité. "Gbogbo aṣọ rẹ̀ lo fún mọ́ ọn lára. Abẹ́rẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ rẹ, òwú ń bẹ. Kí ló dé tí o ò bá mi yọ ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta péré kúrò nínú èyí, kó lè dúró nídìí rẹ̀?"

Félicité gba ìlẹ̀kẹ̀ náà, ó dorí kọ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó sunkún.

Láti ìgbà náà, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi ọmọ tó bá wá ni pé, "Kí ni ìyá rẹ so mọ́ ọ lára?" Bí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá ti tóbi jù, á tú u, á tún un sín. Kò sì fi ọ̀kankan rẹ́rìn-ín mọ́.