Ibi Tí Ìwọ́ Àbúrò Mi Wà

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mi ò lè gbọ́ kí inú má bí mi: "háòsì", tí wọ́n fi ń pe ilé. Ní Ibafo, ẹ́jẹ́ǹtì á mú ọ lọ wo yàrá kan ṣoṣo tí kò ní balùwẹ̀, á ní háòsì nìyẹn. Ọmọ iléèwé ní háòsì tó ń bá sáré lọ́jọ́ eré ìdárayá. Àwọn aṣòfin náà ní háòsì tí wọ́n ti ń bú ara wọn. Ibi tí àwa gbé ní Mowe nìkan ni kò yẹ lóhun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi, bíríkìlà tó wá láti Ọ̀ṣun, ló mọ ilé ọ̀hún títí dé òrùlé kí owó tó tán lọ́wọ́ onílé. Onílé, ọ̀gá kan tó ń gbé Èkó, wá ní ká máa gbé inú rẹ̀, ká máa bá òun ṣọ́ ọ, kí àwọn ajagungbalẹ̀ má baà gbà á. Kò ní ilẹ̀kùn. Màmá mi fi àpò sìmẹ́ǹtì dí ojú fèrèsé, ó ń dáná ní pálọ̀, ó ń pa ejò. Ibẹ̀ ló bí àbúrò mi obìnrin sí. Bàbá sin ìwọ́ rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ó gbin ọsàn lé e, ó ní ọmọ náà ti nílé láyé. Síbẹ̀, bí ọ̀gá bá ti pè, ohun tó máa bi wá ni, "Sáìtì ńkọ́?" Ṣé sáìtì, ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́, ni wọ́n ti ń kí ènìyàn kú ewu ọmọ?

Nígbà tí owó dé ọwọ́ ọ̀gá, wọ́n ní ká kó jáde. A gba yàrá kan ní Ifọ̀. Wọ́n lẹ táìsì sílé ní Mowe, wọ́n hú igi ọsàn, wọ́n to òkúta íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé.

Lọ́jọ́ ìṣílé, wọ́n bẹ màmá mi pé kó wá bá wọn se oúnjẹ. Èmi àti àbúrò mi tẹ̀lé e. Pásítọ̀ ní ká dúpẹ́ fún háòsì tuntun. Tuntun kẹ̀! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́kún.

Ìyàwó ọ̀gá, tí kò dé ibẹ̀ rí, ń mú àlejò káàkiri. Ó bá wa nídìí ìkòkò lẹ́yìnkùlé, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo nilé yín?"

Màmá mi kúnlẹ̀, ó fa àbúrò mi mọ́ra.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ sún díẹ̀. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ni ìwọ́ ọmọ mi yìí wà."