Sílàbù Tí A Gbé Lọ Bá Kánsù

Nígbà tí mo fi dé ojú gọ́tà tí Rísíkátù, ọmọbìnrin onídìrí kan ní Ajégúnlẹ̀, já sí, wọ́n ti bò ó. Símẹ́ńtì ò tíì gbẹ. Àwọn ọkùnrin àdúgbò dúró yí i ká, yẹ̀pẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, inú wọn ń dùn, wọ́n sì ń retí kí n kí wọn kú iṣẹ́. Mo kí wọn, torí n kò lè bá ẹni tó ń làágùn lẹ́nu iṣẹ́ kí n má kí i, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

"Ẹ̀yin bàbá, ta ló ya fọ́tò ihò yẹn kí ẹ tó bò ó?"

Wọ́n wo ara wọn. Bàbá Alága, olórí ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, ló dá mi lóhùn. "Fọ́tò kẹ̀? Ọmọ ọlọ́mọ já sínú gọ́tà láàárọ̀, ẹ ní ká dúró ká máa ya fọ́tò. Ṣé wọ́n ń ṣègbéyàwó níbẹ̀ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ìṣó kan, ó sì ń kọ̀wé gàdàgbà sára símẹ́ńtì tútù náà: ẸGBẸ́ ONÍLÉ LÓ ṢE É. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó pa á rẹ́.

"Kí n pa kí ni rẹ́? Kánsù ń kọ orúkọ sára ilé ìyàgbẹ́ tí wọn ò kọ́ parí. Àwa tí a ṣe tiwa parí ni kò ní kọ?"

Lọ́yà ni mí. Ọ́fíìsì mi wà lókè ṣọ́ọ̀bù onítáyà kan ní Malu Road, níbi tí fèrè tírélà ti máa ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ oníbàárà lẹ́nu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣe ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ọkọ̀ ojú omi. Èmi ń bá àwọn tó ṣubú lójú ọ̀nà ìjọba béèrè owó gbà-má-bínú. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹsẹ̀ rìn ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ rí á rò pé ebi ò lè pa mí, pẹ̀lú gọ́tà tí kò ní ìdérí àti irin tó yọ síta lára sílàbù tí tírélà ti tẹ̀ fọ́. Ebi ń pa mí dáadáa. Àwọn ènìyàn wa ò gbà pé ẹni tó ṣubú lè bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́.

Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ ojú omi kan wá láti Marine Beach, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú símẹ́ńtì ọsibítù. Mo ní kó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn ará ilé bàbá òun ló ti òun. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ihò wà lójú títì, àbí kò sí?" Ó ní ihò wà, ṣùgbọ́n ta ló gbé òun débẹ̀? Títí a fi túká, n kò rí i kó fi àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ kó dojú kọ ihò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pè wọ́n lẹ́jọ́?

Ẹjọ́ náà ò sì le lójú ìwé. Wàá fi hàn pé ihò wà níbẹ̀, pé ihò náà ló ṣe oníbàárà rẹ léṣe, àti pé ẹnìkan wà tó yẹ kó dí i tí kò dí i. Ti ẹnìkan yìí ló máa ń gbẹ̀mí mi. Bí o bá béèrè ẹni tó ni ọ̀nà, ìjọba àpapọ̀ á ní ti ìpínlẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ á ní ti ìbílẹ̀ ni, ìbílẹ̀ á ní kí o lọ bi àwọn onílé. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ìyá kan pàtẹ ata sí etí ọ̀nà kan náà, wàá rí i bí ẹni tó ni ọ̀nà á ṣe yọjú kíá láti gba owó tíkẹ́ẹ̀tì.

Àwọn òbí Rísíkátù wá láti Ìsẹ́yìn, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, irun ló sì ń dì níwájú ilé wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi, ó sì tẹ sílàbù kan tí tírélà ti gùn fọ́ nígbà tó ń sá fún gò-slò. Sílàbù já, òun náà já sísàlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Wọ́n dì í ní ọsibítù, ṣùgbọ́n eegun náà ò jọ dáadáa. Dókítà ní àfi kí wọ́n tún un là, kí wọ́n fi irin sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ìka yẹn ò ní lè di nǹkan mú mọ́. Apá rẹ̀ sì ò ká owó iṣẹ́ abẹ.

"Aunty Lọ́yà, mi ò fẹ́ wàhálà o," ló wí nígbà tó wá sí ọ́fíìsì mi, ó fi gèlè gbé ọwọ́ náà kọ́rùn. "Kí wọ́n ṣáà bá mi tún ọwọ́ mi ṣe. Na this hand I dey take chop."

Mo kọ̀wé sí kánsù kan tí n kò ní dárúkọ. Wọn ò fèsì. Mo tún kọ. Nígbà tó yá, wọ́n pè wá, lọ́yà wọn sì jókòó dè wá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí táì rẹ̀ gùn jù ú lọ. Kò tilẹ̀ ṣí fáìlì mi. Fóònù rẹ̀ ló nà sí mi. Fọ́tò sílàbù Bàbá Alága ló wà nínú rẹ̀, ìwé gàdàgbà rẹ̀ ń dán nínú oòrùn.

"Mà, ẹ ṣáà ń kà á. Àwọn onílé ló ṣe é, àwọn ló ni gọ́tà. Àwọn ni kí oníbàárà yín pè lẹ́jọ́."

"Ọ̀gbẹ́ni, lẹ́yìn tó ṣubú ni wọ́n ṣe é!"

"Ẹ ní fọ́tò ihò náà?"

N kò ní. Ó mọ̀ pé n kò ní. Ó fi fóònù rẹ̀ sápò bí ẹni tó jẹun yó.

Nígbà tí a jáde, mo sọ fún Rísíkátù pé ọ̀nà kan ṣì wà, kó pe ẹgbẹ́ onílé lẹ́jọ́. Ó wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè. "Bàbá Alága ló gbé mi sẹ́yìn dé ọsibítù, Aunty. Òun ni kí n wá gbé lọ kóòtù? Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ náà rọ." Ó bú sẹ́kún níbẹ̀, níwájú géètì kánsù. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, ti ìbínú ni tèmi.

Mo lọ sọ fún Bàbá Alága. Mo rò pé á tọrọ àforíjì. Ó kàn ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

"Wọ́n ní tiwa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Torí pé ẹ kọ orúkọ."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká lọ gbé tiwa fún wọn."

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní òfin ò sọ bẹ́ẹ̀. Díígà ni wọ́n fi hú sílàbù náà, wọ́n gbé e sórí ọmọlanke, ó di ojú géètì kánsù, èmi lẹ́yìn wọn pẹ̀lú bàtà gogoro, ojú ń tì mí. Àwọn àgbàlagbà tó kù gbé bẹ́ǹṣì yí ihò náà ká, wọ́n ta aṣọ pupa sórí igi, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru kí ẹlòmíràn má bàa já síbẹ̀. Mo ti ya fọ́tò ihò náà kí a tó kúrò. Mo ya á títí fóònù mi fi gbóná.

Bàbá Alága ò jà ní géètì. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó wá gbé ohùn sókè kí gbogbo ẹni tó wà lójú fèrèsé lè gbọ́. "A gbé sílàbù wa wá o! Ẹ ní tiwa ni, a ti kó tiwa kúrò. Ihò ló kù ńlẹ̀. Ẹ bá wa wá ẹni tó ni ín, kí ẹlòmíì tó já sí i!"

Ọ̀rọ̀ náà di wàhálà fún wọn. Ihò ṣí sílẹ̀, gbogbo ayé sì ti gbọ́ pé wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kánsù gbé àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú sílàbù tuntun. Wọ́n bò ó dáadáa, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Bàbá Alága ń bu omi tútù fún wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ọ̀kan nínú wọn mú ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì jáde.

Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ó kọ orúkọ kánsù sára sílàbù náà, ó fi orúkọ alága wọn sí i, ó kọ ọ́ tán ó tún fa ìlà sí i nídìí. Mo ní kó jọ̀wọ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n yà á. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi.

Nígbà tí mo fi àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí kánsù, lọ́yà onítáì ló pè mí fúnra rẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ ká jókòó sọ ọ́." Kò tún béèrè fọ́tò lọ́wọ́ mi. Kánsù sanwó iṣẹ́ abẹ Rísíkátù, wọ́n sì fi díẹ̀ kún un fún àkókò tí kò fi lè ṣiṣẹ́.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ dirun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, ìka kan ò tẹ̀ tán, ó sì ń sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti dé àárín orí mi nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá Alága ni.

"Lọ́yà wa, obìnrin kan já sí gọ́tà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ẹsẹ̀ ló fi pa. A ti gbé e dé ọsibítù."

"Ihò náà ńkọ́, Bàbá?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ló wí, inú rẹ̀ ń dùn. "A ti bò ó."

Mo pariwo, mo fẹ́ dìde kúrò lórí àpótí. Rísíkátù fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn di irun mi mú, ó dì í mú gírígírí débi pé omi bọ́ lójú mi, ó sì fà mí padà jókòó.

"Aunty, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Mi ò tíì ṣe tán."